Ẹni tí ó ka ilà ojú ọmọ kọ́ ni ó bí i

Inú a máa bí mi nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe àwárí ohun tí ó ń mú oúnjẹ ìbílẹ̀ kan dùn. Ta ni ó sọ ọ́ nù tí wọ́n fi rí i?

Ẹ wo erékùṣù Sardinia ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn darandaran ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣe wàràkàṣì tí à ń pè ní Fiore Sardo. Wàrà àgùntàn tí wọn kò sè ni wọ́n fi ń ṣe é. Oje inú àpòlúkù ọmọ àgùntàn tàbí ti ọmọ ewúrẹ́ ni ó ń mú un dì. Wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a jẹ́ kí èéfín fẹ́ sí i, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ní ọdún 1996 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ náà.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn jọra bí ìbejì. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń yọ DNA wọn, wọn a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di púpọ̀, wọn a sì fi iná mànàmáná tì í gba inú ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ. Ìlà á wá hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí àbàjà ti yàtọ̀ sí pélé. Ìtẹ̀ka ni wọ́n ń pè é. Ilà ojú ni èmi pè é.

N kò bá ìmọ̀ yìí jà. Òun ni a fi ń tọpa kòkòrò àrùn dé oko tí ó ti wá, bí wàrà tútù bá ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Àwọn tí wọ́n ka ilà tán tí wọ́n sì fẹ́ di bàbá ọmọ ni mo ń bá wí. Ilé-iṣẹ́ ńlá a ṣa kòkòrò méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá wù ú, a sọ wọ́n di ìyẹ̀fun, a sì máa tà á káàkiri fún àwọn tí yóò dà á sínú wàrà tí a ti fi iná gbà. Wàràkàṣì á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìlú kan kò ní yàtọ̀ sí ti ìkejì mọ́.

Wọ́n á ní darandaran kò mọ̀ pé kòkòrò wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò mọ orúkọ tí ilé-ìwé gíga ń pe iṣu, ṣé kò ni oko rẹ̀ ni? Darandaran ni ó mọ ìgbà tí wàrà dì tó, tí ó sì mọ èyí tí yóò bàjẹ́. Àwọn baba rẹ̀ ni wọ́n tọ́ àwọn kòkòrò náà láti ìran dé ìran.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Wọ́n ti fi irú ìmọ̀ kan náà yẹ irú ìyá wa wò, wọ́n sì bá Bacillus subtilis níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣòwò, kí ó kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń fi ewé bò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́.