Ọmọ Igi Kòkó Kò Tíì Lè Kojú Oòrùn

Àwọn kan ń bèèrè pé, nígbà tí àgbà igi kòkó ń gba oòrùn tó sì ń so dáadáa, kí ló dé tí a fi ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ọmọ rẹ̀? Ara ewé ni ìdáhùn wà. Ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń pupa rúsúrúsú, ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Àwọ̀ ewéko kò tíì kún inú rẹ̀, gbòǹgbò kò sì tíì jìn débi tí yóò fi rí omi tí oòrùn ọ̀sán ń fà lọ dá padà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ju èyí tí ewé lè fi ṣe oúnjẹ lọ, ewé náà gan-an ló ń bà jẹ́: àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, etí rẹ̀ yóò sì gbẹ. Nítorí náà la ṣe ń ṣí imọ̀ ọ̀pẹ kúrò díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ igi tó dé oko, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń ṣíji bò ó fún ọdún 2 tàbí 3 níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ibòji ló ń mú kí èso kòkó dúdú kó sì jẹrà. Òótọ́ ni, ibòji tó bá pọ̀ jù ń dá ọ̀rinrin dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ igi kò tíì so èso kankan tí yóò jẹrà. Ìgbà tí igi bá dàgbà ló yẹ ká dín ibòji kù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú kòkó, kí ibòji lè ti wà fún ọmọ igi.