Ṣé Kí Ọmọ Wa Gbá Bọ́ọ̀lù fún 80,000 Náírà Lóṣù?

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà bọ́ọ̀lù yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí pé kí n tètè máa bọ̀ nílé òun ní Ìbàdàn. Àyà mi já, mo rò pé àìsàn ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 19, ni mo bá tó jókòó sí pálọ̀ tí ó sorí kodò, ìwé méjì sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ìwé kìíní wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan tí ó gbà á wọlé láti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí ó wà ní ìpele kejì líìgì ilẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni 80,000 náírà lóṣù, fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, ìwọ ló máa ń gbọ́ tìrẹ. Bá mi sọ fún un pé eré ni bọ́ọ̀lù, kì í ṣe iṣẹ́."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dúró de ìwé yìí."

N kò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rò láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà ní ilé púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ti di olówó. Ní 2016, FIFPRO, àjọ tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù káàkiri àgbáyé pọ̀, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá agbábọ́ọ̀lù tí ó tó nǹkan bí 14,000 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 54. Nínú agbábọ́ọ̀lù 100, àwọn 45 ni owó oṣù wọn kò tó 1,000 dọ́là. Àwọn 41 sì sọ pé owó àwọn ti pẹ́ kí ó tó tẹ àwọn lọ́wọ́ rí láàárín sáà méjì tí ó ṣáájú. Gbogbo àgbáyé ni wọ́n ṣírò pọ̀ yìí o. Àwọn tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní òpin ọ̀sẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ láàárín èrò rẹpẹtẹ.

Èyí ni mo fi jókòó ti ìṣirò. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá wo 80,000 lórí ìwé, ó dára díẹ̀ ju ti òfin lọ, 960,000 náírà ni yóò sì jẹ́ lọ́dún. Ṣùgbọ́n mo wá agbábọ́ọ̀lù kan tí ó ti kúrò ní ẹgbẹ́ náà kàn. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé oṣù méje péré ni wọ́n san fún òun nínú oṣù 12. Oṣù méje nínú 80,000 jẹ́ 560,000 náírà. Bí a bá pín in sí oṣù 12, kò pé 47,000 náírà lóṣù kan. Nínú owó yìí ni yóò ti jẹun, tí yóò ti wọkọ̀, tí yóò sì ti ra bàtà bọ́ọ̀lù. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lajú nìyẹn: owó tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni owó oṣù, owó tí ó bá dé ọwọ́ ni.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a torí owó kékeré nìkan lé ọmọ kúrò lórí pápá. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni ó kọ́ṣẹ́ tí ó gba owó gidi lọ́dún àkọ́kọ́? Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lè lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó má gba kọ́bọ̀. A kì í pe ìyẹn ní ìyà, nítorí pé ní ọjọ́ tí yóò gba fírídọ̀ọ̀mù, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ nìyí: bí ọdún mẹ́ta bá pé, tí ẹgbẹ́ kò sì fẹ́ ọ mọ́, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bàtà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan, owó náà kéré jù. Bí ìwé ẹ̀rí bá wà níbẹ̀, tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ di òmíràn.

Àwọn tí ó ṣe é báyìí kò jìnnà sí wa. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí ó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Algeria 3-0 láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1980, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Shooting Stars ti Ìbàdàn yìí náà ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún. Adokiye Amiesimaka tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ ọdún náà kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì padà di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Bọ́ọ̀lù fún wọn ní orúkọ, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni wọ́n gbójú lé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹni tí ó bá sì ń lá àlá òkè òkun, kí ó wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Olóògbé Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù ní Kaduna, ní Ìbàdàn fún Shooting Stars, ní Abẹ́òkúta fún Abiola Babes, ó tún lọ sí Abidjan, kí ó tó dé Setúbal ní ilẹ̀ Potogí ní 1990. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, wọ Liverpool ní 2015. Nítorí ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́, wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ kan sí òmíràn ní Jámánì, Netherlands àti Belgium, kò sì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool títí tí ó fi kúrò níbẹ̀ ní 2021. Àwọn tí orí gbè gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò ní sùúrù tí ó sì ń jẹbi oúnjẹ kò lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ já.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí àti ọmọ mọ̀. Ìlànà FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ de agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ju ọdún márùn-ún lọ nínú àdéhùn kan, àyàfi bí òfin orílẹ̀-èdè náà bá gbà á. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé 18, ọdún mẹ́ta ni òpin rẹ̀. Àyàfi fún ìwọ̀nba ìdí díẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí kò tó 18 lọ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ kí òun lè gbé ọmọ ọdún 16 lọ sí Yúróòpù, ẹ sá fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Èyí jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àǹfààní wà fún ẹgbẹ́ tí ó bá gba ọmọ yín. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wá tọrọ nǹkan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo padà lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó jẹ́ kí ọmọ lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun mẹ́ta: kí àdéhùn jẹ́ ọdún kan, kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí ó bá farapa, kí ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí ìdíje. Ẹ̀gbọ́n mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹgbẹ́ gba ti ọdún kan. Wọ́n kọ̀ láti kọ ti ìtọ́jú sílẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àwọn tó. Mo ní kí a máa lọ sílé. Ọmọ náà wò mí, omi lé ròrò sí ojú rẹ̀, ó ní òun yóò fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ó ti pé 19. Mo fún un ní bírò.

Oṣù márùn-ún ti kọjá báyìí. Wọ́n ti san mẹ́ta, wọ́n jẹ ẹ́ ní méjì. Ìlànà FIFA kan náà sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán, bí wọn kò bá sì san án, ó ní ìdí láti kúrò. Mo ti kọ ìwé náà, ó wà nínú àpò mi. Ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n má tíì fi ránṣẹ́, nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Àìkú yìí.

Bí ẹ bá bi mí lónìí bóyá bọ́ọ̀lù olówó kékeré tó nǹkan tí ọ̀dọ́ ń ṣe, ìdáhùn mi ni pé ó tó, fún ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kejì lọ́wọ́, tí ó dá ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró, tí kò sì tijú láti béèrè owó rẹ̀. Sáà méjì ni èmi àti ọmọ wa jọ dá. Èyí kò mú kí ìwé inú àpò mi fúyẹ́. Mo ti sọ fún un pé màá dúró títí di ọjọ́ Àìkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó gbá góòlù wọlé o, bí kò gbá o, màá fi ìwé náà ránṣẹ́.