Dáyámọ́ńdì: Ta Ni Ọrọ̀ Inú Ilẹ̀ Ń Gbè?

Láàárín àwọn òkúta tí ọmọ aráyé ń pè ní iyebíye, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti dáyámọ́ńdì. Òun ni àwọn ọba fi ń ṣe adé lọ́ṣọ̀ọ́, òun ni ọkọ ìyàwó fi ń ṣe òrùka ìgbéyàwó ní ìlú òyìnbó, òun náà sì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń gé òkúta líle tí ayùn lásán kò ràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dáyámọ́ńdì kì í ṣe ti ọba àti òyìnbó nìkan. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn wà á jáde nínú ilẹ̀ Gáná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi ọwọ́ òfo padà wálé ní ọdún 1969.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, láti Mínná títí dé Gúsáù, láti Jọ́ọ̀sì títí dé Láfíà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń wa dáyámọ́ńdì tà lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n wúrà, tánganran, lithium àti oríṣìíríṣìí òkúta aláwọ̀ ni a ń wà lónìí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí ọrọ̀ bá jáde láti inú ilẹ̀, ta ni ó ń gbè?

BÍ ÒKÚTA NÁÀ ṢE Ń DÀGBÀ

Ohun kan náà tí ó pọ̀ jù nínú èédú ni dáyámọ́ńdì jẹ́, èyíinì ni èròjà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Ibi tí ó ti dàgbà ni ó sọ ọ́ di ọ̀tọ̀. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ìjìnlẹ̀ tí ó tó 150 sí 200 kìlómítà, ni kábọ́ọ̀nù ti ń di dáyámọ́ńdì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Bí a bá dojú ọ̀nà náà kọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, a kò ì tíì dé ibi tí à ń wí. Ihò tí ó jìn jù lọ tí ọmọ aráyé tíì gbẹ́, èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ ní Kola, kò ju kìlómítà 12 àti díẹ̀ lọ. Ní ibi tí dáyámọ́ńdì ti ń dàgbà, ooru ibẹ̀ ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwúwo ilẹ̀ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 45,000 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta wọ̀nyí ni ó ti wà láti bílíọ̀nù ọdún kan sí mẹ́ta sẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá dé òkè? Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbé wọn wá. Láyé ọjọ́un, òkúta yíyọ́ a máa ru gùdù láti ìsàlẹ̀ wá, a sì ya ilẹ̀ jáde ní ihò tí ó rí bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò: òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín. Òkúta tí ó kún inú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kimberlite, nítorí ìlú Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò wá ń fọ ojú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún, tí wọ́n sì ń kó dáyámọ́ńdì lọ sínú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ dáyámọ́ńdì fi pín sí méjì. Wíwà á nínú ihò àpáta gba ẹ̀rọ ńláńlá àti owó gọbọi. Wíwà á ní etí odò kò gbà ju ọkọ́, ṣọ́bìrì, ajọ̀ àti agbára apá lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibi tí apá lásán bá ti ká iṣẹ́ ni àwọn àjòjì aláìní ti ń rọ́ lọ.

LÁTI ÍŃDÍÀ DÉ KIMBERLEY

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ Íńdíà ni dáyámọ́ńdì ayé ti ń wá. Lẹ́yìn ọdún 1720 ni ti Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1867 ni wọ́n rí ọ̀kan he nítòsí Hopetown ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ó sì di 1871, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti dé Kimberley, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tóóró. Ihò ńlá tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ títí di 1914 ṣì wà tí àwọn ènìyàn ń lọ wò. Ṣùgbọ́n ní 1888, Cecil Rhodes dá ilé-iṣẹ́ De Beers sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ tóótòòtó wọ̀nyí fi bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú wá di ẹni tí à ń sé mọ́ inú ọgbà títí àsìkò iṣẹ́ wọn yóò fi pé, kí wọ́n má baà kó òkúta pamọ́. Ẹ wo bí ọdún 17 péré ti sọ iṣẹ́ ẹlẹ́ni púpọ̀ di ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Lóde òní, wọn a fọ́ àpáta wẹ́wẹ́, wọn a fi omi ya èyí tí ó wúwo kúrò lára èyí tí ó fúyẹ́. Nígbà kan, orí pátákó tí a fi ọ̀rá kùn ni wọ́n ń da òkúta sí. Omi a gbá àwọn yòókù lọ, dáyámọ́ńdì a sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ní báyìí, ìtànṣán X-ray ni wọ́n sábà máa ń lò. Òun ni ó tú àṣírí òkúta ńlá tí ó wọn 2,488 kárátì tí wọ́n rí ní Karowe, ní Botswana, ní 2024. Kárátì 5 ni gíráàmù kan, nítorí náà òkúta yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kìlógíráàmù.

ÀWỌN ÈNÌYÀN WA NÍ AKWATIA

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1919, Albert Kitson, olórí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Gold Coast, rí dáyámọ́ńdì nítòsí odò Birim. Òun kan náà ni ó ti ṣáájú rí èédú Údí ní ẹkùn Enúgù ní 1909. Ní 1924 ni ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó tí à ń pè ní CAST dìde, tí ó sì fi Akwatia ṣe ibùdó. Àwọn dáyámọ́ńdì agbègbè yìí kéré ní ìwọ̀n, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn wúlò fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ju ọ̀ṣọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọn kò sì jìn nínú ilẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn ará wa ti wọ̀ ọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbòho ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń lọ sí Gáná láti ṣòwò, débi pé nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ibẹ̀ ní 1960, Yorùbá ibẹ̀ lé ní 100,000. Bí àwọn kan ti ń tajà káàkiri ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn, àti àwọn Haúsá pẹ̀lú, gba Akwatia àti agbègbè rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń wà á, àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí ó wà á. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọn yóò kọ́kọ́ wú ilẹ̀ òkè kúrò títí wọn yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́. Wọn yóò kó èyí sínú ajọ̀, wọn yóò máa yí i po nínú omi. Nítorí pé dáyámọ́ńdì wúwo ju yanrìn lọ, àárín ìsàlẹ̀ ajọ̀ ni yóò kó jọ sí. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ a dojú ajọ̀ délẹ̀, a sì fi ojú wá òkúta kékeré náà láàárín òkìtì.

Ìdààmú wọn kò ti inú ilẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé Gáná kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira ní 1957, nígbà tí kò sí ẹni tí ń bi ọmọ Nàìjíríà léèrè ìwé. Ní 1963, ìjọba Gáná ṣe òfin pé kí àjòjì gba ìwé àṣẹ ìgbélùú. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò kọbi ara sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un ṣẹ. Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kó ilé àti ọjà jọ kò lè tà wọ́n tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ kò ṣeé gbà. Àwọn mìíràn kò mọ ilé baba wọn ní Nàìjíríà rí. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òfin mìíràn tún jáde tí ó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Gáná nìkan.

Kí á má fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àjòjì tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Gáná. Ẹ̀kọ́ tí a ń wá kọjá ti ẹ̀bi orílẹ̀-èdè kan. Apá àwọn ènìyàn wa ni ó wa òkúta náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé kan tí wọ́n lè gbé síwájú adájọ́.

SÀRÓ ÀTI BOTSWANA

Ní Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, dáyámọ́ńdì jáde ní ilẹ̀ Kono ní 1930. Ní 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ láti wà á fún ọdún 99. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lóru, àwọn fàyàwọ́ sì ń kó o kọjá ẹnubodè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láti 1991 títí di 2002, dáyámọ́ńdì yìí ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń tà láti ra ìbọn. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kú níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ECOMOG, ó ṣeé ṣe kí ẹbí àwọn kan wà lára ẹ̀yin tí ń kà á. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ àkànṣe rán Charles Taylor, ààrẹ Làìbéríà tẹ́lẹ̀ rí, lọ sí ẹ̀wọ̀n 50 ọdún. Láti 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè sì ti fi ìlànà Kimberley lélẹ̀, pé dáyámọ́ńdì tí a kò tíì gé kò gbọdọ̀ rékọjá ẹnubodè láìní ìwé ẹ̀rí.

Ní Kono yìí kan náà, ní 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Pásítọ̀ Emmanuel Momoh rí òkúta 709 kárátì. Kò fún fàyàwọ́. Ìjọba ni ó gbé e fún. Wọ́n tà á ní New York ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là, ó sì lé ní ìdajì owó náà tí ó lọ sí àpò ìjọba fún ìlò ará ìlú.

Botswana gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1966 ni ó gba òmìnira, ní 1967 ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa. Seretse Khama, ààrẹ ibẹ̀, fi òfin sọ ohun alùmọ́ọ́nì di ti orílẹ̀-èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ẹ̀yà tirẹ̀ ni Orapa wà. Nígbà tí ó di 1975, ìjọba ti ní ìdajì nínú ilé-iṣẹ́ tí ń wà á pẹ̀lú De Beers. Nínú owó yìí ni wọ́n ti la ọ̀nà tí wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, òkúta kan ṣoṣo kò tó gbára lé. Láti 1954 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ ṣe dáyámọ́ńdì. Ohun tí ilẹ̀ fi bílíọ̀nù ọdún ṣe, ẹ̀rọ ń ṣe é lónìí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iye tí à ń tà á sì ti já wálẹ̀. Ọrọ̀ ajé Botswana fara gbá a ní 2024.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti hàn. Ọrọ̀ inú ilẹ̀ ń gbe ẹni tí òfin bá mọ̀ tí ìwé rẹ̀ sì pé, yálà orílẹ̀-èdè ni tàbí ẹnì kan.

Ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe àjòjì ní ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Abala 41 ìwé òfin 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibi tí ó bá wù ú, abala 43 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé àti ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 44 sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ohun alùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Nítorí náà, bí baálẹ̀ tàbí onílẹ̀ tilẹ̀ gbà fún ọ, a kò tíì fún ọ láṣẹ láti wà á. Ọ́fíìsì Mining Cadastre ní Àbújá níbí ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ìwakùsà ti 2007 ti là á kalẹ̀. Òfin kan náà pàṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ilẹ̀ ìwakùsà bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn lórí ohun tí yóò ṣe fún ìdàgbàsókè wọn. Ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn awakùsà kéékèèké láti kóra jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó dá nìkan ṣe é, ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ owó gba ìlera lọ́wọ́ yín. Ní 2010, ó tó 400 ọmọdé tí ó kú ní Zamfara nítorí òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí à ń lọ̀ tí a sì ń fọ̀ láàárín ilé. Kí á má ṣe gbé òkúta ìwakùsà wọ ibi tí ọmọ ń sùn.

Àjò kò dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n kí ilé tó yá, ó yẹ kí ohun tí a kó jọ ní àjò jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ọjọ́ 14 gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń wà á, kí ó gba ìwé. Ẹni tí ó bá ń rà á, kí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.