Ọ̀RỌ̀ ILÉ WA: Pálọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

 

Ọ̀rọ̀ kan ni ó ká mi mọ́lé lóṣù tí ó kọjá. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò, pé àádọ́rin ọdún láìpẹ́ yìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó mú ohun tí ó bá wù ú, àwọn yóò sanwó rẹ̀. Bàbá ní ámpílífáyà ni òun ń fẹ́, èyí tí yóò tó 300 wáàtì, nítorí pé orin kì í yé òun mọ́ nínú pálọ̀ òun. Owó tí àwọn ọmọ dá kò tó o, bàbá sì fẹ́ bù lé e láti inú owó páànù tí ó ti ń kó jọ láti fi tún òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ yarí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹnjiníà o, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ orin ti jẹ èmi náà lówó rí.

Òótọ́ ni. Mo ra ámpílífáyà ńlá kan lọ́jà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó tà á fún mi fi wáàtì búra bí ẹni ń fi Ògún búra. Mo gbé e délé, ilẹ̀ ń mì, abọ́ ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí olórin ń wí. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí ènìyàn bá kúrò ní 50 wáàtì tí ó bọ́ sí 100, décíbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ó fi lé, díẹ̀ báyìí létí. Kí orin tó lè dún ní nǹkan bí ìlọ́po méjì létí wa, wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá.

A wọ pálọ̀ bàbá. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, bí púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a ń gbé. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni ògiri, táìsì ni ilẹ̀, kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó wà lójú fèrèsé. Sípíkà méjèèjì há sí kọ̀rọ̀ ilé, àga bàbá sì fẹ̀yìn ti ògiri níwájú wọn lọ́hùn-ún. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ilé dá mi lóhùn bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ni ó pàtẹ́wọ́. Ìyàwó bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí i, bàbá wọn?"

Àìsàn méjì ni ó ń ṣe pálọ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni gbohùngbohùn. Olórin kò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí ògiri àti táìsì ti ń dá a padà, ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ a sì gun orí èyí tí kò tí ì lọ. Èkejì ni híhó bẹ́ẹ̀sì. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri méjì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 12 jìnnà sí ara wọn, ìró kan wà tí ó bá àyè náà mu régí, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàrin wọn, tí kò ní tètè kú. Ìró náà ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá bẹ́ẹ̀sì ń gbọ̀n ní ìgbà 41, nítorí náà àárín ọjà àwọn onígìtá jùjú gan-an ni 47 wà. Bí gígùn àti ìbú yàrá bá tún wá dọ́gba, ìró kan náà ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa gbé ga. Ìdí nìyí tí ohùn kan fi ń hó bí ẹni lu àgbá, tí èyí tí ó tẹ̀lé e sì ń dákẹ́. Ẹni tí ó jókòó ti ògiri ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá dúró láàrin yàrá gan-an lè máà gbọ́ ìró náà rárá.

Nísinsìnyí, ámpílífáyà kan wà tí ó kó iṣẹ́ púpọ̀ sínú àpótí kan. Ó ń fa orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní streaming. Ó ń fún sípíkà ní agbára. Ó sì tún ń wọn yàrá. Ẹ̀rọ náà a rán ìró jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé òkè, máíkì a gbọ́ ọ níbi tí ẹ ń jókòó, ẹ̀rọ a wo ibi tí yàrá ti bu kún un, a sì dín ibẹ̀ kù kí orin tó dé sípíkà. Ó dà bí obìnrin tí ó mọ̀ pé ìkòkò òun kan a máa jó ìdí, tí ó sì ń dín iná rẹ̀ kù.

Mo gbé tèmi lọ fún ìdánwò. WiiM Amp ni, ọmọbìnrin mi ni ó rà á. Ó jáde ní 2023, dọ́là 299 ni wọ́n ń tà á nígbà náà; 60 wáàtì ni ó ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan tí ó bá jẹ́ óòmù 8, máíkì inú fóònù ni ó sì fi ń wọn yàrá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà: NAD M10 ti 2019, tí ó ní 100 wáàtì tí ó sì ń lo Dirac Live ti àwọn ará Sweden, àti Lyngdorf TDAI-1120 láti Denmark, tí a ń fi máíkì tirẹ̀ bá a tà. Irú máíkì bẹ́ẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé ju ti fóònù lọ. Ṣùgbọ́n owó wọn fi ju ìlọ́po márùn-ún lọ, n kò sì ní gba ẹni tí ń ra páànù nímọ̀ràn lọ sí ọ̀nà yẹn.

A fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, a sún àga bàbá síwájú kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà ni a wọn yàrá. Òkè ńlá kan yọ lójú fóònù, ní àyíká 47 náà. Ẹ̀rọ gé e. Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ṣé kò ti rọ̀ jù báyìí?" Híhó ti mọ́ ọn lára. Mo pa àtúnṣe náà, mo tún tan án, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin ni bàbá gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí lábẹ́ gìtá, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ni ìyàwó rẹ̀ bá ní kí a wá fi ohùn ìyá sí i. Ìyá bàbá ti lọ, ṣùgbọ́n ó ki oríkì ilé wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì kí ó tó lọ, ọmọ-ọmọ wọn kan sì ti kó o sórí fúláàṣì. A fi sí i. Ọ̀rọ̀ kò dá ṣáká. Mo tan àtúnṣe, mo pa á, kò sí ìyàtọ̀ kan tí ó tó sọ. Ibí ni agbára ẹ̀rọ pin sí: ó lè dín ìró tí ó ga jù kù, kò lè kó gbohùngbohùn ilé oníṣìmẹ́ńtì kúrò. A gbé tìmùtìmù ibùsùn wá, a fi ti ògiri ẹ̀yìn. A tẹ́ rọ́ọ̀gì yàrá sórí táìsì. A ta ìbora méjì sójú fèrèsé. A tún fi sí i. Ohùn ìyá jáde gbangba bí ẹni pé ó jókòó tì wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí wọ́n bí sí Kánò, tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, béèrè pé, "Ta ni ń jẹ́ Àkànní tí màmá yìí ń pè?" Bàbá ní, "Èmi ni." Kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, pàápàá bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ bá rà á ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: iná tiwọn jẹ́ fóólítì 120, tiwa 230, èyí tí a kọ 100 sí 240 sí lára ni kí ẹ gbà. Ẹ béèrè irú tí wọ́n ń pè ní Class D, nítorí kì í fi iná ṣòfò, inverter yín yóò sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní ti dátà, orin tí ń wọlé ní 320 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bíi mégábáìtì 144 ní wákàtí kan. Nítorí náà ẹ rí i pé ó ní ojú tí a lè ki fúláàṣì bọ̀. Ẹni tí ó ní àwo orin àtijọ́ nílé, kí ó béèrè ojú phono. WiiM Amp kò ní i. Bí àga yín bá sì bọ́ sí ibi tí bẹ́ẹ̀sì ti kú, ẹ sún àga. Kí ẹ̀rọ tó fi décíbẹ́ẹ̀lì 10 jí ìró kan, ìlọ́po wáàtì mẹ́wàá ni yóò ná sórí rẹ̀.

Bàbá ra kékeré, ó ra rọ́ọ̀gì àti kọ́tìnì tí ó nípọn, owó páànù sì wà níbi tí ó wà. Inú pálọ̀ yẹn náà ni wọn yóò ti sọ ọmọ-ọmọ wọn tuntun lórúkọ ní Sátidé tí ń bọ̀, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ohùn ìyá ni yóò sì ki ọmọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n pè. Ìyàwó bàbá ní kí n fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bàtà tẹ rọ́ọ̀gì òun.