Ìrora Àwọn Tó Ń Nu Fèrèsé Kì Í Ṣe Àárẹ̀ Lásán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà nínú oòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Ní Cadjèhoun, òwe yìí kò nílò ìtumọ̀. Ní àdúgbò tí pápákọ̀ òfurufú Kádínà Bernardin Gantin wà yìí, ọ́fíìsì, báńkì àti ilé ìtura tó fi dígí ṣe ojú ilé kò ṣòro láti rí. Ẹni tó jókòó sínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń wo ìta bí ẹni pé nǹkan kan kò dí òun lójú. Bí dígí bá mọ́ tán, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó ń rí ẹni tó nù ún.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í sì í tán. Òkun kò jìnnà sí Cadjèhoun, atẹ́gùn rẹ̀ ń gbé iyọ̀ wá lẹ̀ mọ́ ojú dígí. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ọyẹ́ ń da eruku sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ń ta sí ìsàlẹ̀ ilé, èéfín ọkọ̀ àti ti alùpùpù zémidjan kò sì mọ àkókò. Ohun tí wọ́n nù ní ọjọ́ Ajé ti dọ̀tí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Òṣìṣẹ́ á ki aṣọ bọ inú omi ọṣẹ, á fún un, á gbé apá sókè, á fi fọ dígí. Lẹ́yìn náà, á mú ọ̀pá tí wọ́n fi rọ́bà sí lẹ́nu, á fi gbá omi náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, á nu ẹnu rọ́bà gbẹ, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbé apá sókè nígbà mẹ́wàá péré lórí fèrèsé kan, tí ó sì nu ọgọ́ta fèrèsé lójúmọ́, ìgbà 600 ni èjìká kan náà ti ṣe ohun kan náà. Garawa tó gba omi lítà 10 wúwo tó kílò 10, láìka garawa fúnra rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì tún ń gbé. Ẹni tó wà lórí àkàsọ̀ ń fi àárín àtẹ́lẹsẹ̀ dúró lórí igi tóóró, ó ń yí ọrùn sẹ́yìn láti rí òkè, ó sì ń na ara sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà sọ̀ kalẹ̀ láti ti àkàsọ̀ síwájú.

Ara ènìyàn kò kọ iṣẹ́. Ohun kan náà tó ń padà wá láìsí ìsinmi ni kò lè fara dà. Bí apá bá wà lókè ju èjìká lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa dé inú iṣan èjìká, egungun tó wà lórí rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀, tí ìka sì di ọ̀pá mú gírígírí, ọ̀nà tóóró tí iṣan ìmọ̀lára gbà wọ àtẹ́lẹwọ́ yóò há sí i. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú, pàápàá lóru, yóò dà bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrora ń lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ń di ọjọ́ Àìkú kí ó tó lọ. Nígbẹ̀yìn, kì í lọ mọ́: ife omi á bọ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń nu fèrèsé òkè kò ní lè gbé apá wọ ẹ̀wù ara rẹ̀.

Orúkọ wo ni wọ́n ń pe ìrora yìí? Àwọn kan ń pè é ní làkúrègbé. Àwọn kan ní àárẹ̀ lásán ni, òmíràn ní ọjọ́ orí ló dé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ tí àìsàn bá jẹ́ ló ń sọ ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ làkúrègbé, aláìsàn ni yóò tọ́jú ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀, yóò lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àìsàn tí iṣẹ́ fà, ẹni tó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ ní láti dáhùn.

Èyí kì í ṣe àròsọ tuntun. Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1700 lórí àìsàn tó ń bá oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jà. Ó gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Láti ọdún 1972 ni ilẹ̀ Faransé ti ní àtẹ kan, àtẹ 57, fún àìsàn oríkèé àti iṣan tí ìgbọ́wọ́sókè-sódò lẹ́nu iṣẹ́ ń fà. Òun ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó gbà-máà-bínú lé lórí níbẹ̀. Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, OIT, fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àìsàn iṣẹ́ tí ó tún ṣe ní 2010. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àjọ náà sọ ibi iṣẹ́ tó láàbò tó sì dára fún ìlera di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ní láti bọ̀wọ̀ fún. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn.

Òfin ilé náà kò dákẹ́. Ìwé òfin iṣẹ́ ti 27 oṣù Kìíní ọdún 1998 fi ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ sí ọrùn agbanisíṣẹ́. Lọ́dọ̀ CNSS, agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san owó ewu iṣẹ́, láti 1 títí dé 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, gẹ́gẹ́ bí ewu iṣẹ́ náà bá ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn ni pé àpò wà. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá já bọ́ láti orí àkàsọ̀, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ariwo rẹ̀. Èjìká tó ń bàjẹ́ fún ọdún mẹ́rin kì í pariwo. Ẹni tí kò sí lórí ìwé ilé iṣẹ́ kankan, tí wọ́n ń san owó fún lójoojúmọ́, kò tilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Nítorí náà ni púpọ̀ fi ń yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lójú pópó. Hóró kan lówùúrọ̀, iṣẹ́ á ṣeé ṣe. Hóró méjì lálẹ́, oorun á wá. Oògùn náà kò wo iṣan sàn, ó kàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́, òṣìṣẹ́ á sì máa fi apá tó ti ya ṣiṣẹ́ lọ. Ewu mìíràn tún wà nínú oògùn tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Kútọnu mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìlú púpọ̀ lọ: níbí ni Jacques Chirac ti pe àgbáyé ní 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2009 láti gbógun ti ayédèrú oògùn, ní 2017 sì ni àwọn agbófinró wọ Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa, láti kó irú rẹ̀ kúrò.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ kò pọ̀ nílùú, pé ẹni tó bá ráhùn, ẹlòmíràn ń dúró de ipò rẹ̀. Òótọ́ ni, òun gan-an ló sì ń fún ìrora náà ní agbára. Àwọn mìíràn yóò ní ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó kò lówó. Ó yẹ kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń fún wọn níṣẹ́. Ẹni tó ní ilé ń gba ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti kúrò ní 40 000 sẹ́fà sí 52 000 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé iṣẹ́ kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ láìrú òfin. Ohun tó kù fún un láti gé ni iye ọwọ́: ènìyàn mẹ́ta á ṣe iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún. Ẹ̀dínwó tí onílé rí gbà, èjìká òṣìṣẹ́ ló san án.

Àtúnṣe kò jìnnà, kò sì gba owó ńlá. Kí ìwé àdéhùn sọ iye dígí, gíga rẹ̀ àti iye wákàtí tí yóò gbà, kí ẹni tó ń yan agbaṣẹ́ṣe lè mọ̀ pé owó kan ti kéré ju ohun tí ara lè ṣe. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe èyí ṣáájú, nítorí àwọn náà ní fèrèsé. Kí ọ̀gá iṣẹ́ má fi ẹnì kan sí ìdí dígí òkè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ẹni tó nu òkè fún wákàtí kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ tàbí sí ilẹ̀ gbígbá, kí ìsinmi díẹ̀ sì wà láàárín. Kí ọ̀pá fúyẹ́, kí ibi ìdìmú rẹ̀ nípọn, kí garawa ní táyà. Kí àwọn ayàwòrán ilé ya fèrèsé tó ń ṣí sínú, tí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lè nù. Kí dókítà ilé iṣẹ́ yẹ ọwọ́ àti èjìká wò, kì í ṣe ojú àti ìfúnpá nìkan, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún CNSS. Kí àwọn olùbẹ̀wò iṣẹ́ gun òkè dé ibi tí wọ́n ti ń nu dígí.

Òṣìṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀: kí ó sọ ìrora náà nígbà tó ṣì ń lọ lóru, kí ó sì sọ fún oníṣègùn pé fèrèsé ni òun ń nù. Gbólóhùn kan yẹn lè yí orúkọ àìsàn padà.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ọjà, apá méjì nìkan ni ọrọ̀ rẹ̀. Bí Cadjèhoun bá fẹ́ kí dígí rẹ̀ máa dán, kí ó san iye tí dídán rẹ̀ ń ná, kí ó má fi èjìká ẹlòmíràn san án.