Ọ̀rọ̀ lórí Àìná Ọnàbólú, Ayàwòrán

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kàwé máa ń fi kan olóògbé Àìná Ọnàbólú, ó sì tó àkókò kí ẹnì kan dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ayàwòrán Òyìnbó ni. Wọ́n ní ó fi iṣẹ́ ọnà àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń sín àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù jẹ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò gbà á. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé bí a ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí Ọnàbólú ní ọdún 1882. (Ẹ kíyè sí i pé ọnà wà nínú orúkọ ilé wọn gan-an.) Nígbà èwe rẹ̀, kò sí olùkọ́ àwòrán ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí akọ̀wé ni ìjọba ń wá, kì í ṣe ayàwòrán. Àwọn àwòrán tí ó wà nínú ìwé Òyìnbó ni ọmọ náà ń tẹjú mọ́, tí ó sì ń yà bí ó ti rí wọn. Nígbà tí ó dàgbà, ó di akọ̀wé ní Èkó, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ ìwé gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1906 ó fi ọ̀dà tí a fi omi pò ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ọdún mẹ́rìnlá sì tún kọjá kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ Òyìnbó ni ó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni tí a yà. Kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ó yà á.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: báwo ni ọmọ agbẹ́gilére ṣe ń kọ́ṣẹ́? Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ fi àáké la igi, tí yóò sì yọ orí, ìgbáyà àti ẹsẹ̀ ère jáde. Ọmọ-iṣẹ́ yóò máa wò. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a ó fún un ní ọ̀bẹ kí ó máa dán an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa tẹ̀lé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ọwọ́ tirẹ̀ tó yọ. Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún bí, tí ó sì ti ń gbẹ́gi fúnra rẹ̀, tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní nǹkan bí 1950. Ọmọ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin ni Bándélé yìí. Ta ni ó jẹ́ sọ pé Fákẹ́yẹ ń sín Bándélé jẹ? Ohun tí ọmọ-iṣẹ́ ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá ni Ọnàbólú ṣe. Ọ̀gá tirẹ̀ ni kò sí nílé. Inú ìwé ni ó ti rí i.

Nípa ọ̀nà tí ó gbà ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ojú ni Ọnàbólú fi ń ṣiṣẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ ṣe é. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní King's College, ní CMS Grammar School àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Èkó, ó tẹnu mọ́ bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú débi pé àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Perspective. Àwọn kan ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín lọ dúró ní àárín ojú irin tí ó lọ gbọọrọ, kí ó wo iwájú. Yóò rí i pé irin méjèèjì sún mọ́ ara wọn títí tí wọ́n fi dàbí ẹni pé wọ́n pàdé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì pàdé. Òpó tí ó wà nítòsí ga ju ilé lọ, èyí tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ fún àwọn olùkọ́ ọ̀la tí ó wà lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n ya ilé kan, lọ́dọọdún ni púpọ̀ nínú wọn sì ń ya ògiri tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n yà. Láti ya ohun tí a rí, ó ní láti jẹ́ pé a wò ó, wíwò náà sì le ju yíyà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ojú ènìyàn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, èyí tí ó mọ́ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bí ìpéǹpéjú ti wúwo tó. Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí Ọnàbólú gbé gẹ̀gẹ̀ jù láàrin àwọn ayàwòrán ni Joshua Reynolds ará Ẹ́ńgíláǹdì (1723–1792). Reynolds ni olórí àkọ́kọ́ fún Royal Academy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1768, ó sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn dáadáa. Òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó lo nǹkan bí ọdún méjì ní Róòmù níwájú iṣẹ́ Raphael àti ti Michelangelo. Nígbà tí ó sì dìde sọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní 1790, ó ní òun fẹ́ kí orúkọ Michelangelo jẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò kẹ́yìn jáde lẹ́nu òun ní ibẹ̀. Ìwé kékeré tí Ọnàbólú tẹ̀ ní Èkó ní 1920, A Short Discourse on Art ni ó pè é, mo sì rò pé láti ara àwọn ọ̀rọ̀ Reynolds ni ó ti mú orúkọ náà. Ṣé ohun ìtìjú ni èyí? Oríkì ni àwa ń pè é. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì kú ní 1938. Ní 1988, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki í, tí ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́wẹ̀ yìí ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí wọ́n gbé lọ sí Wembley ní 1924. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ̀nù gba ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ẹ́ńgíláǹdì rọ́pò rẹ̀ fún Ògògà. Kí ẹ̀yin ọba wo pàṣípààrọ̀ náà dáadáa.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ́wọ́ mi ni ti Murray. Ní 1922 Ọnàbólú padà dé láti Lọ́ńdọ̀nù àti Párís pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òun nìkan ni ó ní irú rẹ̀ láàrin wa. Ó lè jókòó lé ọjà náà bí ẹni tí ó jókòó lé àpótí owó. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń rọ ìjọba pé kí wọ́n mú olùkọ́ àwòrán mìíràn wá, ní 1927 Kenneth Murray sì dé. Murray kò kọ́ni bí Ọnàbólú. Ó ní kí àwọn ọmọ ya ọjà ìlú wọn, ijó ìlú wọn, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún agbẹ́gilére àti amọ̀kòkò. Ní 1937 a fi iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu wà nínú wọn; òun ni ó ya Tútù, ọmọ ọba Ifẹ̀. Èyí tí ó yà ní 1974 nínú àwòrán náà sọnù títí a fi rí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tí ó lé ní £1,200,000. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ṣí ní Oníkan ní 1957, Murray ni ó ṣe akitiyan fún un. Gbogbo àwọn tí ń yin Murray pé ó gbèjà iṣẹ́ ìbílẹ̀ wa, ó yẹ kí wọ́n rántí ẹni tí ó bẹ ìjọba kí ó tó dé.

Ẹ má sì gbàgbé Akínọlá Láṣẹ́kàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ (1916–1972), tí ó fi orúkọ Lash ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú West African Pilot. Ìjọba Òyìnbó ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè ya ojú kí ó jọ olójú, ta ni ìbá mọ ẹni tí ó ń bá wí? Ìmọ̀ kan náà tí wọ́n ní ó sọ Ọnàbólú di ẹrú ni ó di ọfà lọ́wọ́ Láṣẹ́kàn.

Ibì kan wà tí èmi àti Ọnàbólú kò ti fohùn ṣọ̀kan. Kò fi ojú ńlá wo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wa bí ó ti fi wo ti Òyìnbó. Àwọn obìnrin kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, tí wọ́n ń fi àwọ̀ funfun, pupa àti dúdú ya ẹranko àti àmì sára rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún. Oníwàásù ni mí, n kì í bọ Ìkirè. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Ayàwòrán ni àwọn obìnrin náà, wọ́n sì ti wà kí Reynolds tó dé etí wa.

Ní báyìí, fọ́tò nìkan ni ó kún ògiri ààfin púpọ̀ tí mo ti wọ̀, oòrùn sì ti ń pa á. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀, a ti po àwòrán pọ̀ mọ́ orin àti eré, ẹni tí ó bá ráyè ni ó ń kọ́ ọ. Mo bẹ ẹ̀yin olóyè pé kí ẹ pe ayàwòrán wá sí ààfin ní ojú ayé ọba, kí ọba jókòó fún un fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ ti ń san ti aránṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà lọ́dọ̀ wa tí ń ya ojú ènìyàn dáadáa. Bí ààfin kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé sí wa kí ìsinmi ọdún tó dé, nítorí àwọn méjèèjì yóò padà sí ìlú wọn lẹ́yìn rẹ̀.