Kí Olúkúlùkù Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣa Orin Rẹ̀ Jọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́lá ẹni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nípa aṣọ àti nípa oúnjẹ; ṣùgbọ́n nípa orin, ohun tí ó wu ẹlòmíràn ni ó kún etí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lóde òní. A tẹ fóònù, orin ń dún, a kò sì mọ ẹni tí ó yàn án fún wa. Èrò wa ni pé ó yẹ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ jókòó, kí ó ṣa àwọn orin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù tí ó fẹ́ràn jù lọ jọ, kí gbogbo wọn má ju wákàtí kan lọ, kí ó sì lè sọ ìdí tí ó fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ní 1979, Sony mú Walkman wá, ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè fi kọ́ ìgbànú, kí ó máa gbọ́ orin bí ó ti ń rìn lọ. Ní ìgbà wọnnì, àwọn ọ̀dọ́ a máa kó orin láti ara àwo tàbí láti inú rédíò sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 a máa gba ìṣẹ́jú 30 ní ojú kìn-ín-ní, àti 30 ní ojú kejì. Ẹni tí ó ń ṣe é ní láti dúró tì í títí orin yóò fi tán. Nígbà tí ó bá parí, a ṣẹ́ eyín kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè da orin mìíràn bò ó. Kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbó: nítorí pé àyè kò tó, ó di dandan láti ronú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. “Yesterday” tí àwọn Beatles kọ ní 1965 kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀ lọ. “Bohemian Rhapsody” ti Queen, ti 1975, súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà. “Zombie” ti Fẹlá ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Ẹni tí ó bá fi “Zombie” sí ojú kan ti fi ìdá méjì nínú márùn-ún ojú náà tọrẹ. Àyè tí ó gbà ìbá gba orin àwọn Beatles náà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó lè yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ ìdí tí ó fi yẹ.

Ẹni tí ó bá ń ṣàyàn yóò máa ṣèwádìí pẹ̀lú. Yóò rí i pé “Jingo” tí Santana gbé jáde ní 1969 ti ọwọ́ Bàbátúndé Ọlátúnjí wá, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ẹni tí ó ti gbé e jáde nínú àwo rẹ̀, *Drums of Passion*, ní 1960. Yóò rí i pé Èkó ni Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwo *Band on the Run* ní 1973, àti pé Ìbàdàn ni a bí Ṣadé Adú sí ní 1959. Nígbà náà ni yóò yé e pé orin wọ̀nyí kì í ṣe ti àjèjì nìkan.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ ń yan orin fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, èé ṣe tí a ó fi ṣe wàhálà? Ohun tí a gbọ́ lánàá ni ẹ̀rọ ń wò kí ó tó gbé irú rẹ̀ wá lónìí. Kò lè bi wá léèrè ìdí. Àwọn mìíràn, tí a bọ̀wọ̀ fún, yóò wí pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ olùkọ́. A gbà pé àwọn kan wà nínú wọn tí kò yẹ létí ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ti ń gbọ́ wọn kí wọ́n tó dé ilé-ìwé. Bí olùkọ́ bá di etí rẹ̀, ta ni yóò kọ́ wọn láti ya rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mú ìwé àti kálámù. Ẹ kọ orúkọ àwọn orin yín sílẹ̀ bí wọn yóò ti tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ kọ ìdí kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í han ọ̀rẹ́ yín kan kí ó bi yín léèrè. Ẹni tí kò lè sọ ìdí tí ó fi fẹ́ràn orin kan, báwo ni yóò ti kọ́ ọmọ láti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ràn ìwé kan?